Bàtà Kan, Fóònù Kan

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, kò sì dá títí Kòséwu, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé, fi jáde. Òrùlé tó ń jò níbì kan tẹ́lẹ̀ ti bímọ: ibi méjì ló ń jò báyìí. Mo gbé ike sábẹ́ ọ̀kan, mo gbé ìkòkò ìrẹsì sábẹ́ èkejì, mo wá jókòó sáàárín wọn bí ẹni tó ń ṣọ́ ọjà.

Òun ni bàtà kàn lónìí. Òfin wa ò tíì yí padà láti ọjọ́ tí a ti kó wọ ilé yìí: ẹni tó bá jáde ló ni bàtà, ẹni tó bá dúró ló ni fóònù. Tèmi ni bàtà, dúdú tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún mi lọ́jọ́ tí a gba ìwé ẹ̀rí. Ti Kòséwu ni fóònù. Tèmi ti já bọ́ sínú báàfù omi láti oṣù kẹta, gbogbo ìrẹsì tí a sì sin ín sí kò jí i dìde. Nọ́ńbà kan náà la wá ń kọ sórí gbogbo lẹ́tà ìwáṣẹ́ wa.

Ó kó lẹ́tà wa méjèèjì lọ síléeṣẹ́ ọṣẹ. Wọ́n ń wá ẹni tó kọ́ kẹ́mísìrì sí yàrá àyẹ̀wò wọn, wọ́n sì ní àfọwọ́kọ làwọn fẹ́. Èmi ni mo kọ méjèèjì, torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé Kòséwu dà bí ibi tí adìyẹ ti wa ilẹ̀. Wọn ò kúkú sọ pé ọwọ́ ta ni.

"Kò séwu," ló wí nígbà tó ń fi ọ̀rá bo orí. "Iṣẹ́ yìí á bọ́ sí wa lọ́wọ́." Gbogbo nǹkan ni kò séwu lójú ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kòséwu láti ọdún àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju ti ìwé ẹ̀rí lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Gáàsì tún gbówó lórí. A jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, a jẹ búrẹ́dì nírọ̀lẹ́. Kòséwu ní ọ̀sán là ń gbààwẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Bàbá Kòséwu pè bó ṣe máa ń pè ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni pé ogójì ọmọ ló jókòó níwájú wọn. "Ọmọ mi kìn-ín-ní dà? Ọmọ mi kejì ńkọ́?" Èmi ni èkejì. Wọ́n bi wá bóyá à ń jẹ ẹ̀fọ́, a jọ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Kòséwu fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa yọ. Wọ́n wá wúre: "Ilẹ̀kùn tó bá ṣí fún ọ̀kan nínú yín, èkejì á bá a wọlé." Mo ṣe àmín tó le.

Ẹ̀gbọ́n mi náà pè. Iṣẹ́ wẹ́dà, tó fi ń fi iná jó irin pọ̀, ti ń ba ojú rẹ̀ jẹ́, ó ní láàárọ̀ ó máa ń dà bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Òun ló fi iná ẹ̀rọ yẹn sìn mí dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó kàn ń sọ fún mi pé àbúrò wa náà ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lóṣù kẹsàn-án. Kò ní kí n ṣe nǹkan kan. Ì bá sàn kó ní kí n ṣe é.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Bàtà kàn mí. Mo rìn dé ilé ìwòsàn mẹ́ta. Ní ìkẹta, ọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní ìrírí ọdún márùn-ún làwọn ń fẹ́. Mo bi í pé ta ló máa gbà mí kí n tó ní in. Ó ní ìyẹn ò sí nínú ìwé òun.

Gìgísẹ̀ bàtà ti ń ṣí. Mo yà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún bàtà ṣe ní ìkóríta, ó lu ìṣó mẹ́ta mọ́ ọn. Ó gbé e sókè wò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ tó ń wọ bàtà yìí ju méjì lọ." A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí n má bàa tún un ṣe tó bá yá.

Ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù. Kòséwu wà lọ́dọ̀ aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé, níbi tó ti ń bá a rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Fóònù dún lójú fèrèsé. Obìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ balẹ̀ bíi ti ẹni tó ti jẹun yó. Ó ní òun ni akọ̀wé iléeṣẹ́ ọṣẹ.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà sí wa?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Lẹ́tà méjì ló wà níwájú mi. Orúkọ méjì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan, àdírẹ́sì kan, ọwọ́ ìkọ̀wé kan. Ọ̀gá wa ò fẹ́ ẹ̀tàn rárá. Tẹ́nì kan bá kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì, ńṣe la máa ń da méjèèjì nù. Èsì kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ló dáa tí mo fi ní kí n kọ́kọ́ pè. Èwo lorúkọ yín gan-an nínú méjèèjì?"

Gbólóhùn kan péré ló gbà. Àwa méjì ni, mà, yàrá kan là ń gbé. Ó wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n "da méjèèjì nù" nìkan ni etí mi gbà, mo dárúkọ ara mi.

"Èkejì yìí ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó gbé mi pọ̀n dé ilé ìwòsàn kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dún tí ibà fẹ́ẹ̀ pa mí. Ẹni tí mo di fóònù rẹ̀ mú sétí. Mo gbọ́ bí bébà ṣe ya lọ́hùn-ún. Obìnrin náà ní kí n wá ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án, ó ní òun dúpẹ́.

Nígbà tí Kòséwu wọlé, mo ní, "Wọ́n pè mí níléeṣẹ́ ọṣẹ." Ó pariwo débi pé ìyá onílé kanlẹ̀kùn. Ó dì mọ́ mi tòun ti òwú lára. "Tèmi náà ti wà lọ́nà nìyẹn! Ọjọ́ kan náà la fi í lélẹ̀. Bóyá wọ́n ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan ni."

"Ó ṣeé ṣe," ni mo wí. Ẹ wá wo ẹnu mi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ti rò ó. Bí mo bá wọ iṣẹ́ náà tán, màá sọ̀rọ̀ Kòséwu fún wọn, màá fà á wọlé. Bóyá bẹ́ẹ̀ lẹni tó jí adìyẹ ṣe ń sọ pé òun á dá ẹyin padà.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Kòséwu ò lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Ó kó ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó sórí ike tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ó di olùdánwò. Bí mo bá gbà á, á pàtẹ́wọ́. Bí mo bá ṣì í, á ṣe ohùn bàbá rẹ̀: "Ìwọ ọmọ ẹ̀yìn yẹn, dìde dúró!" Mo rẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Apá tó ṣòro fún mi jù ni bí a ṣe ń wọn oró tó ṣẹ́kù nínú ọṣẹ, èyí tó lè bó ara. Òun ló yé e jù ní kíláàsì wa. Ó ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ẹ̀ẹ̀kẹrin lé e. Ó ní, "Fọkàn balẹ̀. Tí wọ́n bá pe èmi náà, ìwọ lo máa kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Kòséwu ti fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù tí màá wọ̀ kí n tó jí. Bọ́tìnnì tó já níbẹ̀, ó ti rán òmíràn sí i, ó kàn tóbi díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Àwa mẹ́rìnlá la ṣe ìdánwò. Ìbéèrè kẹrin ni oró inú ọṣẹ. Mo kọ ọ́ tán pátápátá, gbogbo ìlà ibẹ̀ ló sì wá láti ẹnu Kòséwu. Nígbà tí mo délé, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé èyí tí mo sọ jáde?" Mo ní ó jáde. Ó jó yí ike po.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìgbà mẹ́ta ni fóònù dún. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Kòséwu fò dìde. Àwọn tó ń polówó orin ni.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Bàbá ní, "Ọmọ mi kìn-ín-ní, wọn ò tíì pe ìwọ?"

"Wọn ò tíì pè, bàbá. Kò séwu."

Ohùn Kòséwu ò ga tó bó ṣe máa ń ga. Bàbá wúre ilẹ̀kùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò ṣe àmín. Mo dìde lọ da omi inú ike nù, ike tí omi inú rẹ̀ ò tó ìka kan.

Lẹ́yìn náà Kòséwu bi mí pé, "Ṣé kò sí àṣìṣe nínú lẹ́tà mi? Ìwọ lo sáà kọ ọ́." Mo ní bákan náà ni mo ṣe kọ méjèèjì. Òótọ́ ni. Òun nìkan sì ni òótọ́ tó jáde lẹ́nu mi lọ́sẹ̀ yìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Aránṣọ ní bọ́tìnnì tí Kòséwu ń rán ti ń wọ́. Kì í jẹun tán mọ́. Lónìí ló sọ pé òun fẹ́ rìn lọ síléeṣẹ́ náà lọ́jọ́ Ẹtì, kí òun lọ béèrè.

Mo ní, "Má lọ. Wọn ò fẹ́ kéèyàn máa yọ àwọn lẹ́nu. Wọ́n lè torí ẹ̀ bínú."

Ó ní bóyá òótọ́ ni mo sọ. Ó gbà mí gbọ́ wẹ́rẹ́. Irọ́ kejì ò tilẹ̀ mú mi láàgùn bíi ti àkọ́kọ́, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n pè. Mo yege. Mo máa rí ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rọ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí n dúró, ó pa á. "Tún un sọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa." Mo tún un sọ. Ó wá ní, "Ojú mi ò dùn mí mọ́." Mo bú sẹ́kún. Kòséwu rò pé ẹkún ayọ̀ ni, ó ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn.

Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje

Yàrá àyẹ̀wò iléeṣẹ́ ọṣẹ mọ́ tónítóní, ó ń rùn bí ọṣẹ láti ilẹ̀ dé àjà. Ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ń wọ awò ojú. Akọ̀wé ohùn balẹ̀ yẹn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kọ̀wé. Ọ̀gá ní ìwé ìdánwò mi wú òun lórí, pàápàá ìbéèrè kẹrin. Ó ní kò sẹ́ni tó dáhùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìṣòro kan ló wà. Ẹni méjì la ń wá, ọ̀kan fún òwúrọ̀, ọ̀kan fún ọ̀sán. Nínú ẹ̀yin mẹ́rìnlá, ìwọ nìkan lo yege. Ṣó ò mọ ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ kẹ́kọ̀ọ́?"

Ẹni méjì! Láti ìbẹ̀rẹ̀, àyè méjì ló wà ńbẹ̀. Ká ní mo sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn, àwa méjèèjì là bá jọ jókòó sórí àga yẹn. Mo dárúkọ Kòséwu, orúkọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní kíkún.

Akọ̀wé gbójú sókè. "Ṣé kì í ṣe orúkọ tẹ́ ẹ ní ẹ ò mọ̀ nìyẹn?"

Mo lè sọ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ni. Èrò yẹn wá, mo rí i kedere. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹrin wà lórí tábìlì níwájú mi, ojú sì tì mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: yàrá, bàtà, fóònù, ọwọ́ tó kọ lẹ́tà méjèèjì, ẹni tó kọ́ mi ní ìdáhùn tó wú wọn lórí.

Ọ̀gá ò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ tá à ń ṣe níbí ni ká sọ ohun tá a rí. Tó o bá rí oró nínú ọṣẹ, tó o wá kọ ọ́ pé o ò rí i, ara ọmọ ọlọ́mọ ló máa bó." Ó ní kí n máa lọ sílé. Bí wọ́n bá pinnu, wọ́n á pè.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Mo sọ fún Kòséwu lánàá, bí mo ṣe wọlé, kí n tó bọ́ bàtà. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ti se ìrẹsì dè mí, ó fi ẹyin méjì sí i. Mo ní kó jókòó.

Ó gbọ́ ọ dé ìdí. Ìbéèrè méjì péré ló bi mí.

"O ní o ò mọ̀ mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lórí fóònù mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo kúnlẹ̀. Mò ń retí kó bú mi, kó gbá mi létí, kó ju ìkòkò. Mò ń retí pé ó tilẹ̀ lè sọ pé kò séwu, bó ṣe sọ ọ́ nígbà tí òrùlé jò, nígbà tí wọ́n kọ̀ wá níbi gbogbo. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Dìde. Ilẹ̀ tutù." Ó mú fóònù lójú fèrèsé, ó fi í sínú àpò rẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mo rò pé àwọn mìíràn ni wọ́n ń bá wí.

Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Ó ń mú fóònù jáde báyìí, ó sì ń fi bàtà sílẹ̀. Sálúbàtà rẹ̀ tí okùn rẹ̀ ti já nígbà kan ló wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì kan lónìí, nínú òjò. Bàtà mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dojú kọ ògiri.

Ó ṣì ń bu oúnjẹ mi. Ó ń bò ó. Ọ̀tá ò ní bo oúnjẹ fún ni, ọ̀rẹ́ ò sì ní dákẹ́ báyìí. Mi ò mọ ohun tí mo jẹ́ sí i mọ́.

Àìkú, ọjọ́ keje

Bàbá pè. Kòséwu jáde síta kó tó gbé e, ṣùgbọ́n fèrèsé wà ní ṣíṣí. Mo gbọ́ tó ní, "Ọmọ yín kejì wà, bàbá. Ó ń fọṣọ ni."

Mi ò fọṣọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ mi ṣófo. Kò sọ ohun tí mo ṣe fún bàbá rẹ̀. Ó purọ́ torí mi. Mo dìde, mo kó gbogbo aṣọ tó wà nílé, tirẹ̀, tèmi, aṣọ fèrèsé, títí kan èyí tí a fọ̀ lánàá, mo fọ̀ wọ́n títí awọ ìka mi fi ń ṣí, kí ó má bàa jẹ́ irọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Ẹ̀gbọ́n mi ti pe nọ́ńbà Kòséwu lẹ́ẹ̀mejì, ó ń béèrè ìgbà tí mo máa bẹ̀rẹ̀. Lónìí Kòséwu gbé fóònù fún mi, mo sọ òótọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Ó dáa." Mo gbọ́ tó tan ẹ̀rọ padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Kòséwu ń ká àwọn aṣọ tó ti gbẹ nígbà tí fóònù dún nínú àpò rẹ̀. Etí fóònù náà ti bàjẹ́ láti ìjẹta, àfi kí a tú ohùn rẹ̀ síta. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ obìnrin yẹn.

"Nọ́ńbà yìí náà rèé. Ta ló wá ń bá mi sọ̀rọ̀ lónìí?"

Kòséwu wò mí. Mo ní lọ́kàn mi pé ó tọ́ bó bá sọ ọ́. Ó tọ́ bó bá ní òun ò mọ̀ mí.

"Àwa méjì ni, mà," ó wí. "Yàrá kan là ń gbé, fóònù kan là ń lò. Ọ̀rẹ́ mi jókòó tì mí níbí. Èwo nínú wa lẹ fẹ́?"

Obìnrin náà ní Kòséwu ni òun fẹ́: kó wá ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Ajé, kó sì mú lẹ́tà tuntun wá, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

"Ẹ ṣé, mà. Ẹnì kejì ńkọ́?"

"Ọ̀gá ò tíì sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Bó bá sọ ọ́, a ó pè."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó padà sídìí aṣọ tó ń ká. Mo fi orí mọ́ ògiri, mo sunkún bí ọmọdé.

Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ewé mẹ́fà ló bàjẹ́ kó tó rí lẹ́tà náà kọ. Ó ṣì dà bí ibi tí adìyẹ ti wa ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Mi ò bá a fọwọ́ kàn án.

Lánàá ni mo gbé bàtà lọ sí ìkóríta, wọ́n lu ìṣó tuntun mọ́ ọn, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ yìí mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó wo bàtà, ó wo sálúbàtà rẹ̀. Ó wọ bàtà.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó dúró. Ó yọ fóònù nínú àpò, ó padà wọlé, ó fi í sí mi lọ́wọ́.

"Ẹni tó bá dúró ló ni fóònù," ó wí. Kò rẹ́rìn-ín. Kò sì sọ pé kò séwu. "Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá béèrè, sọ pé o mọ̀ ọ́n."

Mo gbọ́ ìró ìṣó yẹn lórí sìmẹ́ǹtì títí ó fi yà ní ìkóríta. Aago mọ́kànlá ti kọjá báyìí. Òjò ti dá. Mi ò tíì kúrò lójú kan, fóònù wà lórí orúnkún mi, kò tíì dún.